Ohun Tí Ẹ̀dọ̀ Ń Fi Oògùn Ibà Ṣe

Kò sí agboolé kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ibà kò tíì yà sí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àgbàlagbà kan láàrin wa tí kò lè dárúkọ oògùn ibà mẹ́ta ó kéré tán, yálà èyí tí a sè nínú ìkòkò ni tàbí èyí tí a rà ní kẹ́míìsì. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ènìyàn mẹ́wàá léèrè ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí oògùn náà lẹ́yìn tí ó bá ti kọjá ọ̀nà ọ̀fun, mẹ́sàn-án nínú wọn ni yóò wí pé ó lọ bá ibà jà, ó ṣẹ́gun rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì tán. Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Bí oògùn ti ń ṣiṣẹ́ lára kòkòrò ibà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ara wa náà ń ṣiṣẹ́ lára oògùn: ìfun ń fà á mu, ẹ̀jẹ̀ ń gbé e kiri, ẹ̀dọ̀ ń yí i padà sí nǹkan mìíràn, kíndìnrín sì ń lé àjẹkù rẹ̀ jáde nínú ìtọ̀. Àwọn onímọ̀ kan ń bẹ tí wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn wá ìdí iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ yìí, tí a sì rí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé àti ní Ilé-Ifẹ̀ orírun wa. Inú irú iṣẹ́ wọn ni àwọn òfin tí a ń kà lára páálí oògùn ti jáde, ìbáà ṣe iye hóró tí a ó lò, wákàtí tí a ó fi sí àárín, tàbí bóyá kí a jẹun kí a tó lò ó. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí òfin wọ̀nyí ti ṣẹ̀ wá kò ní fojú àṣẹ lásán wò wọ́n mọ́.

Májèlé àti oògùn

Ìmọ̀ nípa májèlé ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ó ń wádìí bí nǹkan ṣe ń pa ara lára, ìwọ̀n tí ó fi ń pa á lára, ọ̀nà tí ó gbà wọlé, àti bí a ṣe lè ṣẹ́rí rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ lè rò pé oró ejò àti ewé olóró nìkan ni àwọn onímọ̀ yìí ń yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n oògùn gan-an wà lára ohun tí ń gba àkókò wọn jù, nítorí pé kò sí oògùn kan tí ó jẹ́ oògùn ní gbogbo ìwọ̀n. Paracelsus, oníṣègùn ilẹ̀ Switzerland tí ó kú ní 1541, ni ìtàn Yúróòpù gbé oríyìn fún pé ó là á mọ́lẹ̀ pé ìwọ̀n ni ó ń ya oògùn sọ́tọ̀ kúrò lára májèlé. Àwọn baba wa tí wọ́n ń wí pé àṣejù ni baba àṣetẹ́ kò jìnnà síbẹ̀.

Ìtàn chloroquine fi èyí hàn kedere. Ní 1934, Hans Andersag, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé iṣẹ́ Bayer ní Elberfeld ní Jámánì, ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní Resochin. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n dán an wò dájọ́ pé oró rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ènìyàn, ni wọ́n bá gbé e tì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó tún un yẹ̀ wò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n fara balẹ̀ wá ìwọ̀n rẹ̀, tí wọ́n sì rí i pé bí a bá lò ó bí ó ti yẹ, yóò pa kòkòrò ibà láìpa ẹni tí ó lò ó lára. Oògùn kan náà tí wọ́n dá lẹ́bi ni wọ́n dá láre, ìmọ̀ ìwọ̀n ni ó sì yí ìdájọ́ padà. Lẹ́yìn ogun náà ni ó tàn ká gbogbo ayé, títí tí kò fi sí ìyálójà kan ní Gbági tàbí ní Ọjà Ọba tí kò mọ̀ ọ́n.

Síbẹ̀, àlàfo tí ó wà láàrin ìwọ̀n ìwòsàn àti ìwọ̀n ikú kò fẹ̀ nínú oògùn yìí. Àgbàlagbà a máa lo hóró mẹ́rin ní ọjọ́ kìíní, mẹ́rin ní ọjọ́ kejì, méjì ní ọjọ́ kẹta, èyí tí àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ giráàmù 1.5, bí ẹnìkan bá sì gbé nǹkan bíi giráàmù 5 mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọkàn rẹ̀ lè dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wí pé ibà yìí le, kí òun fi hóró mẹ́rin mìíràn kún un kí ó lè yá, ikú ni ó ń fi ṣeré. Ti ọmọdé tún wá burú jù, nítorí ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: ìwúwo ara ni a fi ń ka hóró fún ọmọ, hóró kan tàbí méjì tí àgbà kò ní kà sí nǹkan kan sì lè gba ẹ̀mí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn.

Iṣẹ́ ẹ̀dọ̀

Ojú tí àwọn ìyá wa fi ń wo ẹ̀gẹ́ ni ó yẹ kí a fi wo iṣẹ́ ẹ̀dọ̀. Ẹ̀gẹ́ tútù ní èròjà kan nínú tí ń di sáyánáìdì, májèlé tí ó lè pa ènìyàn. Nítorí náà a ń bó o, a ń rin ín, a ń dì í sínú àpò kí ó kan, a ń fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ ro dànù, a sì ń yan án lórí iná, ìpele kọ̀ọ̀kan ń yọ díẹ̀ nínú oró náà títí a ó fi rí gàrí tí ẹnu lè jẹ. Ibi tí wọ́n bá ti kánjú ṣe é, oró a ṣẹ́kù síbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun ti Ìbàdàn ni ó fi ìwádìí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 so jíjẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ mọ́ àrùn iṣan kan tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rìn tààrà mọ́, tí ó sì ń sọ ojú di bàìbàì.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ ń ṣe oògùn, ní ìpele ìpele. Ọ̀pọ̀ oògùn ibà ni ó fẹ́ràn ọ̀rá ju omi lọ, omi sì ni ìtọ̀. Bí ẹ̀dọ̀ kò bá yí oògùn padà sí ohun tí ó lè yòrò nínú omi, kíndìnrín kò ní rí i lé jáde, yóò sì máa yí po nínú ara fún ìgbà pípẹ́. Ẹ́ńsáìmù ni orúkọ àwọn èròjà inú ẹ̀dọ̀ tí ń ṣe ìyípadà yìí, olúkúlùkù wọn ni ó sì ní oògùn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù: èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní CYP3A4 ni ó ń bójú tó kuníìnì àti artemether, CYP2C8 ni ti amodiaquine àti ti apá kan chloroquine, CYP2C19 sì ni ti proguanil.

Ibi tí ẹ̀dọ̀ ti yàtọ̀ sí ẹlẹ́gàárí ni pé kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ó ń sọ agbára ohun tí ó wọ ọwọ́ rẹ̀ di yẹpẹrẹ. Proguanil tí a gbé mì kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀dọ̀ bá sọ ọ́ di cycloguanil ni kòkòrò ibà tó mọ̀ pé òun rí ìjà. Artemether ń di dihydroartemisinin, amodiaquine ń di desethylamodiaquine, àwọn ọmọ wọ̀nyí ni wọ́n sì ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí a fi ń yin ìyá wọn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohun tí ẹ̀dọ̀ ṣe ni ó ń di ewu: apá kan nínú amodiaquine ń yí padà di èròjà tí ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ àti mọ́ ẹ̀jẹ̀ funfun, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò ń lò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ibà má baà mú wọn, ẹ̀jẹ̀ funfun àwọn kan tán lára wọn, ẹ̀dọ̀ àwọn mìíràn sì wú, a sì dáwọ́ irú ìlò bẹ́ẹ̀ dúró.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó yẹ kí á mọ̀, òun ni àkókò ìdajì, èyí tí í ṣe iye wákàtí tàbí ọjọ́ tí yóò gba ara kí ìdajì oògùn tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó kúrò níbẹ̀. Ti artemether jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 2. Ti lumefantrine tí a pò mọ́ ọn jẹ́ ọjọ́ 3 sí 6. Ti chloroquine sì lè tó oṣù kan sí méjì, nítorí pé ó máa ń lọ fara pamọ́ sínú ẹran ara, pàápàá níbi tí èròjà tí ń mú ara dúdú bá pọ̀ sí. Ìdí tí a fi ń pa oògùn méjì pọ̀ lónìí nìyí: artemether yóò pa ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ kòkòrò ní kíá, yóò sì lọ, lumefantrine yóò dúró ti àwọn tí ó ṣẹ́kù. Hóró 24 tí àgbàlagbà ń lò ní ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin mẹ́rin lọ́nà mẹ́fà, ni a ṣírò kí lumefantrine lè pé nínú ẹ̀jẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ ní ọjọ́ kejì, tí ó wá kó ìyókù hóró pamọ́ de ìgbà mìíràn, kò jẹ́ kí ó pé. Àwọn kòkòrò tí kò kú yóò tún máa bí sí i, kò sì ní pẹ́ púpọ̀ tí ibà yóò fi padà dé, aláìsàn yóò sì máa bú ẹni tí ó ta oògùn fún un.

Bí a ṣe ń mọ ohun tí ojú kò rí

Lateef Akínọlá Sàlàkọ́, tí a bí ní 1935 tí ó sì fi ayé sílẹ̀ ní 2017, jẹ́ oníṣègùn àti ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìmọ̀ oògùn ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì tún ṣe olórí Ilé Ìwádìí Ìṣègùn ti Nàìjíríà tí ó wà ní Yábàá ní Èkó. Ohun tí mo kà sí ẹ̀bùn rẹ̀ tí ó tóbi jù ni pé kò gbà kí àwọn ará Áfíríkà máa lo oògùn ibà lórí ìṣirò tí a ṣe lára àwọn ẹlòmíràn nìkan, nígbà tí ó jẹ́ pé àwa gan-an ni a ń lò ó jù. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn oògùn nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà, àwọn tí ara wọn le àti àwọn tí ibà dá dùbúlẹ̀, ọmọdé àti àgbà. Ní 1984 ó sì kó gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa oró àti ìpalára oògùn ibà ní Áfíríkà jọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ó sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Báyìí ni iṣẹ́ wíwọn oògùn nínú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ. Ẹni tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ yóò wá ní òwúrọ̀ láìtíì fi nǹkan kan kan ẹnu. Wọn yóò fi ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ nínú iṣan apá rẹ̀ kí wọ́n má baà máa gún un lábẹ́rẹ́ ṣáá, wọn yóò sì gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kí ó tó gbé hóró mì lójú ẹlẹ́rìí. Láti ìgbà náà ni wọn yóò ti máa gba ẹ̀jẹ̀ ní ìgbà tí wọ́n ti là sílẹ̀, ní ìdajì wákàtí, ní wákàtí kan, méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ, ní ọjọ́ kejì, bí ó bá sì ṣe chloroquine ni, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i. Gbogbo ìtọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò máa gbà sínú ìgò tí a kọ wákàtí sí lára. Ẹ̀rọ yóò yí ẹ̀jẹ̀ náà kíkankíkan títí pupa rẹ̀ yóò fi silẹ̀, tí omi rẹ̀ tí ó rí pupa rúsúrúsú yóò sì dúró lókè. Níbi yìí ni ọwọ́ òṣìṣẹ́ gbọdọ̀ ti tutù, nítorí pé chloroquine pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ pupa, nínú ẹ̀jẹ̀ funfun àti nínú àwọn wóró tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ju bí ó ti wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ lọ, bí wọn kò bá sì yọ wọ́n kúrò dáadáa, iye tí ẹ̀rọ yóò kà yóò ju òtítọ́ lọ.

Ẹ̀rọ tí ń ka iye náà ni wọ́n ń pè ní HPLC. Yóò fi agbára ti omi oògùn gba inú ọ̀pá irin kékeré kan kọjá, oògùn àti àwọn ohun tí ẹ̀dọ̀ sọ ọ́ dà yóò sì máa jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù ní ìṣẹ́jú tirẹ̀, ẹ̀rọ a sì ya òkè ṣóńṣó kan sórí ìwé fún èyíkéyìí tí ó bá jáde, òkè ńlá fún èyí tí ó pọ̀, òkè kékeré fún èyí tí kò tó nǹkan. Láti ara àwọn òkè wọ̀nyí ni a ti ń mọ bí oògùn ṣe gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, ìgbà tí ó dé góńgó, àti bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ bíi "lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ" tí a kọ sára páálí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ara yíyún

Àwọn tí wọ́n gbó láyé chloroquine kò lè gbàgbé bí ó ṣe ń mú ara yún. Kì í yára dé. Aláìsàn yóò ti lo hóró mẹ́rin rẹ̀, yóò ti jókòó fún bíi wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ẹni pé abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ ń gún un, kí ó tó gba gbogbo ara, kí oorun tó dá lójú rẹ̀. Ẹlòmíràn a fi ìyarun họ ara, ẹlòmíràn a máa fi ẹ̀yìn ra ògiri, ẹlòmíràn a wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru, lásán ni. Ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ni yóò tó rọlẹ̀. Mo mọ àwọn àgbàlagbà tí wọ́n wí gbangba pé ó sàn kí ibà pa àwọn jù kí àwọn tún gbé oògùn náà mì.

Ìtumọ̀ tí a fún un pọ̀. Àwọn kan ní ibà ni ó ń gba awọ ara jáde, nítorí náà bí ara bá ṣe ń yún tó ni oògùn ń ṣiṣẹ́ tó. Àwọn mìíràn ní ẹ̀jẹ̀ olúwarẹ̀ ni kò mọ́. Ẹlòmíràn ní ayédèrú oògùn ni. Kò sí èyí tí ó tọ̀nà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oògùn tí ó dára ni ó ń yún ni, ó ń yún ẹni tí ibà rẹ̀ lọ àti ẹni tí ibà rẹ̀ kò lọ, àwa aláwọ̀ dúdú ni ó sì ń yọ lẹ́nu ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Àwọn oògùn tí a ń lò fún ara wíwú àti ara yíyún lásán kì í sábà borí rẹ̀ tán. Ní 1989 Sàlàkọ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ̀wé nípa rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Nígbà tí ó sì di ọdún 2000, àwọn olùwádìí Ìbàdàn gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ti fi àwọn tí ara wọn ń yún wé àwọn tí kò yún, ohun tí wọ́n sì rí ni pé ẹ̀dọ̀ àwọn tí ara wọn ń yún kì í tètè sọ chloroquine di desethylchloroquine, tí ó fi jẹ́ pé ògidì oògùn náà ń pọ̀ sí i lára wọn ju ti àwọn yòókù lọ. Èyí nìkan kọ́ ni ó fà á, ṣùgbọ́n ó tó láti gba ẹni tí ara ń yún lọ́wọ́ ẹ̀gàn.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ìnira lọ, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ yún lẹ́yìn hóró mẹ́rin àkọ́kọ́ kì í sábà lo mẹ́fà tí ó kù. Oògùn tí kò pé nínú ẹ̀jẹ̀ kì í pa gbogbo kòkòrò. Èyí tí ó lágbára láti fara dà á nínú wọn ni ó ń yè tí ó sì ń bí irú ara rẹ̀. Ní 2005 ni Nàìjíríà gbé chloroquine kúrò ní ipò oògùn àkọ́lò fún ibà tí ó sì fi àpapọ̀ oògùn tí artemether wà nínú rẹ̀ rọ́pò, kì í sì ṣe nítorí ara yíyún gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ti rò, kòkòrò ibà ni kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́.

Epo, obì àti àgbo

Bí ibà bá mú ènìyàn nílé wa, ohun àkọ́kọ́ tí a ó kà léèwọ̀ fún un ni epo, nítorí a gbà pé epo àti oòrùn ni ó ń dá ibà sílẹ̀. Ẹ̀fọn ni ó ń gbé kòkòrò ibà kiri, epo kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èèwọ̀ yìí kò burú púpọ̀ láyé kuníìnì. Ṣùgbọ́n lónìí ó ń ṣe iṣẹ́ ibi, nítorí pé lumefantrine kì í wọ ẹ̀jẹ̀ dáadáa bí kò bá bá ọ̀rá pàdé nínú ikùn. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n lára àwọn tí ara wọn le, èyí tí ó wọ ẹ̀jẹ̀ nígbà tí wọ́n fi oúnjẹ ọlọ́ràá lò ó tó ìlọ́po 16 èyí tí ó wọ̀ ọ́ nígbà tí ikùn wọn ṣófo. Ìwọ̀nba ọ̀rá díẹ̀ tó: mílíìkì ife kan, àkàrà méjì, mọ́ínmọ́ín. Aláìsàn tí ó fi omi ẹ̀kọ lásán gbé hóró mẹ́rin mì ti náwó rà á, ara rẹ̀ kò sì rí i lò tán.

Obì pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Chinedum Peace Babalọlá ti Ìbàdàn, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀kọ́ ìpo-oògùn ní yunifásítì náà, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí ara ṣe ń lo kuníìnì, proguanil àti halofantrine. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fún àwọn ènìyàn ní halofantrine pẹ̀lú obì, tí wọ́n sì rí i pé oògùn tí ó dé inú ẹ̀jẹ̀ dín kù gan-an sí ìgbà tí wọn kò jẹ obì. Halofantrine kò sí lóde mọ́ bí ti àtijọ́ nítorí ewu rẹ̀ fún ọkàn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ṣì ń bẹ: ohun tí a ń jẹ tí a kò kà sí oògùn lè bá oògùn jà nínú ikùn.

Èyí ni ó mú mi dé ọ̀dọ̀ àgbo. N kò sí lára àwọn tí ń fi ẹnu tẹ́ ewé. Ara èèpo igi ni kuníìnì ti wá, ara ewé ni artemisinin ti wá. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ńlá méjì ni a ń ṣe nípa ewé. Èkíní ni pé kíkorò ni ó ń pa ibà, tí a fi ń rò pé ohunkóhun tí ó bá ti korò bí ewúro tàbí dóńgóyárò ti tó. Adùn tàbí ìkorò jẹ́ ọ̀rọ̀ ahọ́n, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ kò ní ahọ́n. Èkejì ni pé ohun tí ó bá ti inú ilẹ̀ hù kì í ṣe ìpalára. Inú ẹ̀dọ̀ kan náà ni àgbo àti hóró ń gbà kọjá, ẹ́ńsáìmù kan náà ni wọ́n lè jọ máa lò. Ewé kan lè dí ẹ́ńsáìmù lọ́wọ́ kí oògùn pọ̀ lápọ̀jù, òmíràn lè mú ẹ́ńsáìmù sáré kí oògùn tán kí ó tó ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá fi àgbo lé hóró láìsọ fún nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ èwo nínú méjèèjì ni yóò ṣẹlẹ̀.

Wo bí Tu Youyou, onímọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà tí ó ṣàwárí artemisinin, ṣe lo ewé rẹ̀. Ìwé ìṣègùn àtijọ́ wọn ni ó ti rí ewé náà, ó mọ̀ pé iná ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, ó wá lo ether tí kò nílò ooru púpọ̀ láti fi fà á jáde. Nígbà tí ó sì kù kí wọ́n fún aláìsàn, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lò ó sára wọn ní 1972 láti mọ̀ bóyá ó ní oró. Ọdún 2015 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ewé ni ó mú un bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n ni ó sọ ọ́ di oògùn.

Ìka kò dọ́gba

Ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì. Láàrin àwa Yorùbá, bí ẹnìkan nínú ọkùnrin márùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ ṣaláìní ẹ́ńsáìmù kan tó, èyí tí à ń pè ní G6PD. Ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò dá ṣáká títí yóò fi lo oògùn ibà tí a ń pè ní primaquine, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ìtọ̀ rẹ̀ yóò dúdú. Kánfọ̀ tí a ń kó sáàárín aṣọ lè ṣe bákan náà fún ọmọ tuntun tí ó jogún àìní ẹ́ńsáìmù yìí, tí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n bí ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, àwọn òbí yóò sì máa wá ibi tí àìsàn ti wọlé kiri.

Ọmọ tuntun gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Fún ìgbà pípẹ́ kò sí oògùn ibà kan tí a ṣe fún ọmọ tí kò tíì tó kílò 5; hóró àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ni nọ́ọ̀sì ń gé sí wẹ́wẹ́ fún wọn. Ẹ̀dọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbó, kì í tètè yí artemether padà, nígbà tí àwọn olùwádìí sì wọ̀n ọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ní àwọn ilé ìwòsàn kan ní Áfíríkà, wọ́n rí i pé ó pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Wọ́n wá tún àpòpọ̀ náà ṣe: hóró tí àwa mọ̀ ní mílígíráàmù 20 artemether àti 120 lumefantrine nínú, ti ọmọ tuntun ní 5 àti 60, ó sì lè yòrò nínú omi ọmú ìyá. Ní oṣù keje 2025 ni àwọn aláṣẹ oògùn ní Switzerland fọwọ́ sí i, lẹ́yìn tí àwọn aláṣẹ oògùn láti orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní Áfíríkà, tí Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ti bá wọn yẹ ìwé ìwádìí náà wò.